Ọjọ́ Márùn-ún ní Yanggu, Nínú Abọ́ Òkè

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kọkànlá 2018, Chuncheon

Ẹ̀gbọ́n ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo lọ jẹun nílé wọn ní Incheon, wọ́n ṣàdédé dá ṣíbí dúró, wọ́n ní, "Àbúrò, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń jó irin pọ̀ ní ilẹ̀ Kòríà yìí, mi ò tíì fojú ara mi rí Àríwá. Tí mo bá délé, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?" Mo ní bọ́ọ̀sì ń kó èèyàn láti Seoul lọ sí Panmunjom lójú ààlà, ọjọ́ kan péré ni àlọ àti àbọ̀. Wọ́n ní àwọn ò lọ síbi tí èrò ti ń ti ara wọn nítorí fọ́tò. Bí mo ṣe dárúkọ Yanggu nìyẹn.

Yanggu jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń pè ní gun, irú ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ní ìpínlẹ̀ Gangwon. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, ààlà Àríwá lókè téńté. Gbogbo aráàlú ibẹ̀ ò ju bí 23,000 lọ, bí àwọn sójà bá sì jáde ní bárékè, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí aráàlú mọ́. Àwọn sójà ọ̀hún ló ní ọ̀rọ̀ kan tí kò sí ọkùnrin Kòríà tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí dandan ni iṣẹ́ ológun fún wọn. Inje ni gun tó bá Yanggu pààlà, Wontong sì jẹ́ ìlú kan nínú Inje. Ṣùgbọ́n "inje" tún jọ "nísinsìnyí" lẹ́nu wọn, "wontong" sì jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn tí kò ṣeé gbé mì. Wọ́n á ní: bí a bá lọ sí Inje, ìgbà wo la ó tó bọ̀? Wontong yìí ò ní jẹ́ ká gbáyé. Ẹlòmíì á wá gbè é pé: síbẹ̀, ó sàn ju Yanggu lọ. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an là ń lọ.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Yongsan, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan tá a fi dé Chuncheon. À bá kàn gba bọ́ọ̀sì kọjá, àmọ́ mo fẹ́ fi nǹkan kan han ẹ̀gbọ́n lẹ́bàá omi Gongjicheon. Ilé kan wà níbẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ahéré, ilé ìrántí àwọn ọmọ ogun Etiópíà. 2007 ni wọ́n ṣí i. Nígbà ogun Kòríà, láti 1951, Ọba Haile Selassie rán lé ní 6,000 ọmọ ogun wá, Kagnew ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ ogun náà, orí àwọn òkè apá ibí yìí ni wọ́n sì ti jà. Ó lé ní ọgọ́fà tó kú nínú wọn. Àwọn ọ̀tá ò rí ẹyọ ẹnì kan mú lóòyẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé kọfí kan wà lódì kejì, tó ti wà láti 1968, ọdún tí ọba náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá síbí wá ṣí òkúta ìrántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Kọfí Etiópíà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ dòní. Bí a ṣe jókòó, ìyá àgbàlagbà kan nídìí tábìlì kejì dìde, ó tẹ̀ ba fún wa débi pé orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ó ti rò pé ọmọ Etiópíà ni wá. Kí ni kí èèyàn ṣe? Àwa náà tẹ̀ ba. Nígbà tí ìyá náà lọ tán, ẹ̀gbọ́n ní, "Ìkíni tí kì í ṣe tiwa la gbà yẹn o. Àfi ká bá wọn tọ́jú ẹ̀."

Lálẹ́, tẹlifíṣọ̀n hòtẹ́ẹ̀lì ń sọ pé òní gan-an ni àdéhùn tí wọ́n ṣe lóṣù Kẹsàn-án mú kí Gúúsù àti Àríwá dáwọ́ àgbá yíyìn dánra wò dúró nítòsí ìlà ààlà. Mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti ń hanrun.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kọkànlá, Yanggu

Bọ́ọ̀sì gba inú òkè Baehuryeong. Ihò náà lé ní kìlómítà márùn-ún, 2012 ni wọ́n ṣí i. Kí wọ́n tó lu ú, àwọn ará Yanggu jìyà ojú ọ̀nà: nígbà tí wọ́n sé odò Soyang, tí ìsédò náà parí ní 1973, omi bo ọ̀nà wọn àtijọ́, ó wá ku kí wọ́n máa pọ́n òkè kọ́lọkọ̀lọ tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìlú tí kò sí létíkun wá di erékùṣù.

Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀sì ń lọ ni mò ń ronú pé ilẹ̀ tí a fẹ́ tẹ̀ yìí ti wà lábẹ́ Àríwá rí. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet fi ìlà 38 pín Kòríà ní 1945, èyí tó pọ̀ jù nínú Yanggu bọ́ sí òkè ìlà. Ogun ló gbà á padà.

Ní ibùdókọ̀, sójà ló kún gbogbo àga. Ọmọ ogún ọdún, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n fún òtútù, oníkálukú tẹ fóònù mọ́jú. Lódìkejì títì, ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń rán orúkọ àti ipò mọ́ aṣọ ológun, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ń ké gìrìgìrì láìdákẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé géèmù kọ̀ǹpútà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, adìyẹ díndín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ, hòtẹ́ẹ̀lì. Ìgbòkègbodò ìlú náà kò ju ìyẹn lọ. Àmì kan sì wà níbi gbogbo tó ń pe Yanggu ní ìdodo Kòríà: wọ́n ní bí èèyàn bá wọn gbogbo ilẹ̀ náà pẹ̀lú àwọn erékùṣù rẹ̀, Àríwá pẹ̀lú Gúúsù, abúlé kan ní Yanggu ni àárín rẹ̀ bọ́ sí. Mo fẹ́ràn èrò yẹn. Ẹni tó bá wo máàpù Gúúsù nìkan, etí ni Yanggu wà. Ẹni tó bá ka ilẹ̀ méjèèjì sí ọ̀kan, ìdodo ni.

Lọ́sàn-án a lọ sí ilé ọnà ayàwòrán Park Soo-keun. Yanggu ni wọ́n ti bí i, ní 1914. Owó ò jẹ́ kó kọjá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó wá ń kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán. Nígbà ogun, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù àwọn sójà Amẹ́ríkà ní Seoul, ó ń ya ojú wọn fún owó oúnjẹ. Àwòrán tirẹ̀ gan-an: obìnrin tó ru ẹrù, obìnrin tó jókòó ti ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, igi tí kò ní ewé kan. Ó kú ní 1965 láìrí towó ṣe. Ní 2007, wọ́n ta ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò, ní bílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ owó won ti Kòríà.

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń lọ wo àwòrán. Mo rò pé wọ́n á jókòó síta. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró ti ọ̀kan pẹ́. Ó máa ń kun ọ̀dà lé ọ̀dà títí ojú àwòrán á fi le gbàràkàtà bí àpáta, tí èèyàn á ní láti wá ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ìyá mi ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ìdí igbá gààrí." Ará Èfọ̀n Alààyè ni wọ́n, àpáta ò ṣàjèjì sí wọn. Ògiri ilé ọnà náà pẹ̀lú, òkúta gbágungbàgun ni wọ́n tò ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kọkànlá, Haean

Àárọ̀ yìí ni ìjà wa ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibi ìwòràn ààlà gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ ní Haean, kó sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. A gba takisí, a la òkè kọjá, a dé ìdí tábìlì, ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí àpò, wọ́n na ọwọ́ sí àpò kejì, wọ́n wò mí. Káàdì wà lábẹ́ ìrọ̀rí ní hòtẹ́ẹ̀lì. Takisí yí padà, a lọ, a bọ̀, owó ojú mítà ń sáré. Mi ò lè bú wọn, àgbà ni wọ́n. Mo kàn ń wo fèrèsé. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Àbúrò, màá san án o, má wulẹ̀ dákẹ́ bẹ́ẹ̀."

Haean dà bí abọ́. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Òkè yí i ká, orí àwọn òkè náà kọjá mítà 1,000, ìsàlẹ̀ abọ́ sì tẹ́jú, oko ló kún un. Nígbà ogun, àwọn Amẹ́ríkà wò ó láti òkè, wọ́n ní ó jọ abọ́ ńlá tí wọ́n fi ń bu ọtí èso níbi àríyá, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Punchbowl, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Oríṣi òkúta méjì ló fà á: ti àárín rọ̀, òjò àti ọdún fọ̀ ọ́ lọ, ti etí le, ó dúró. Orúkọ àbáláyé rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ejò pọ̀ ní àfonífojì náà nígbà ìwáṣẹ̀ débi pé kò ṣeé gbé, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà kan wá gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n sin ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ jẹ ejò tán. "Hae" ni ẹlẹ́dẹ̀, "an" ni àlàáfíà.

A kọ́kọ́ lọ sí ihò kẹrin nínú àwọn tí wọ́n rí lábẹ́ ààlà. Àwọn ará Àríwá ló gbẹ́ ẹ gba abẹ́ ààlà wá. 3 Oṣù Kẹta 1990 ni àwọn ará Gúúsù rí i, ó jìn tó mítà 145 nísàlẹ̀ ilẹ̀, gíga rẹ̀ ò pé mítà méjì. Ó gùn tó kìlómítà méjì. Àwọn ará Gúúsù lu ihò tiwọn lọ bá a, inú tiwọn lèèyàn ń gbà wọlé, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, bí ìṣeré ọmọdé, á gbé ọ wọnú tàwọn ọ̀tá. Ẹ̀gbọ́n ga. Akoto wọn ń kan òkè, kọ́kọ́kọ́, ní gbogbo ọ̀nà. Omi ń sun lára òkúta. Ojú ibi tí wọ́n ti lu ihò láti fi ohun abúgbàù sí ṣì wà lára ògiri, gbogbo wọn kọjú sí Gúúsù. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ère ajá kan wà níta. Hunt ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ inú ihò náà, ajá yìí ló ṣíwájú àwọn sójà, ó tẹ bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀, ó kú, àwọn tó tẹ̀lé e yè. Wọ́n fi í joyè ọ̀gá ológun lẹ́yìn ikú. Nílé wa, Ògún ló ń jẹ ajá, a ò sì fún ajá náà lóyè kankan. Ẹ̀gbọ́n kí ère náà bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá. Wọ́n ní ó ju òun lọ nípò.

Lẹ́yìn náà la gun òkè lọ sí Eulji, ibi ìwòràn tó wà ní mítà 1,049. Ìdí rẹ̀ gan-an tá a fi kúrò nílé nìyí. Waya ẹlẹ́gùn-ún lọ kọjá lórí òkè, sójà kan ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gíláàsì fífẹ̀ wà níwájú wa, ẹ̀rọ awò tí wọ́n ń fi owó wẹ́wẹ́ ṣí náà wà. Kùrukùru ló bò ó. Kì í ṣe kékeré o, funfun báláú ni, bí ẹni fi aṣọ sá síwájú gíláàsì. Wọ́n ní ọjọ́ tí ojú bá mọ́, èèyàn ń rí àwọn ṣóńṣó orí òkè Geumgang ní ilẹ̀ Àríwá. Ẹ̀gbọ́n fi owó sínú ẹ̀rọ awò. Wọ́n wo funfun. Wọ́n tún fi owó sí i. Fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri tó fi ohun tó yẹ ká rí hàn, orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀. A wo ìyẹn.

Bí a ṣe yíjú pé ká máa lọ, ẹ̀yìn wa là. Apá Gúúsù. Gbogbo abọ́ náà wà nísàlẹ̀ kedere, oko tí wọ́n ti kórè, òrùlé pupa àti búlúù, àwọn àtíbàbà dúdú gbọọrọ tí mi ò mọ ohun tó wà lábẹ́ wọn. Oòrùn bọ́ sí àárín rẹ̀ nìkan. Ẹ̀gbọ́n dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn ò ya fọ́tò.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àwọn àtíbàbà náà. Ewé ni. Ewé gbòǹgbò funfun ńlá tí wọ́n ń pè ní mu, wọ́n so ó rọ̀ lórí igi ní ẹsẹẹsẹ, bí ìdì mọ́ríwò, tó fi jẹ́ pé èèyàn ò lè rí òpin ìlà kan. Siraegi ni wọ́n ń pè é bó bá gbẹ. Òru Haean á mú un dì, ọ̀sán á tú u, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa rọ̀ fún oṣù kan sí méjì. Ohun tó yà mí lẹ́nu wà nínú oko tó tẹ̀ lé e: wọ́n ti gé ewé, wọ́n sì fi gbòǹgbò sílẹ̀. Orí funfun wọn yọ láti inú ilẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sẹ́ni tó yà wọ́n sí. Ewé ni wọ́n gbìn ín fún. Gbòǹgbò á jẹrà di ajílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pariwo, "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Oúnjẹ ló wà nílẹ̀ yìí o!"

Ariwo yẹn ló mú ìyá kan jáde lábẹ́ àtíbàbà. Halmeoni la pè é, bí a ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rù, lẹ́yìn náà ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ní ká wá jókòó. Ó bu ọbẹ̀ siraegi fún wa, doenjang ni wọ́n fi sè é, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n rẹ títí tó fi ń rùn. Àwa méjèèjì wo ara wa. Irú ni. Ó kàn jẹ́ irú tí ó gba òkun wá.

Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rin lòun nígbà tí wọ́n dé, 1956, ìyá òun pọ̀n òun gorí òkè wọlé. Ogun ti lé àwọn onílé lọ sí Àríwá, ìjọba wá kó àwọn tí kò nílẹ̀ wá síbẹ̀ pé kí wọ́n máa dáko. Bọ́ǹbù ló wà nínú ilẹ̀ nígbà yẹn bí iṣu. Bàbá rẹ̀ a máa fi ọ̀pá gún ilẹ̀ wò kó tó jẹ́ kí màlúù fa ohun ìtúlẹ̀. Màlúù aládùúgbò wọn kan jáde láàárọ̀ kan, wọ́n gbọ́ ìró, wọn ò wá a. Kò dá ohùn rẹ̀ sókè, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ti òjò. Ẹ̀gbọ́n béèrè pé ṣé ilẹ̀ ti wá di tiyín báyìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó nilẹ̀ wà lódìkejì òkè yẹn, ó ní, bó bá ṣì wà láyé. (Mo ń fi èyí kún un lẹ́yìn: ní 2020 ni òfin jáde tó jẹ́ kí ìjọba lè gba ilẹ̀ tí onílẹ̀ rẹ̀ ti sọnù, kó sì tà á fún àwọn tó ń ro ó.)

Ká tó lọ, ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń sè é. Rẹ ẹ́ mọ́jú. Sè é fún bí wákàtí kan. Jẹ́ kó tutù sínú omi náà. Lẹ́yìn náà, kí o bó awọ ara ọ̀pá ewé náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó bó ọ̀kan fún wa, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá. Ó tún un sọ: ẹni tí kò bá bó o, okùn ló jẹ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń bu ọbẹ̀ kejì.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kọkànlá, Dutayeon

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kọ́ wa lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tí a wà, wọ́n ní ká má kúrò lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: waya wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní gbogbo ibi, onígun mẹ́ta pupa kọ́ lára rẹ̀, "jiroe" ni wọ́n kọ sí i, bọ́ǹbù. Láti ìgbà ogun ni wọ́n ti ti ibẹ̀ mọ́ aráàlú, 2004 ni wọ́n tó ṣí i. Omi kan tó ń bọ̀ láti apá Àríwá já wálẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, ó bọ́ sínú ibú aláwọ̀ ewé. Ẹja inú rẹ̀ ò fẹ́ omi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ rárá. Ewúrẹ́ igbó tó ti fẹ́ pòórá ní ibòmíì ń gbé lórí àpáta ibẹ̀, ohun tó ń ṣọ́ wọn sì ni bọ́ǹbù wọ̀nyí. Kò sí ọdẹ tó láyà tó bẹ́ẹ̀.

Òkè méjì tí Amẹ́ríkà àti Faransé, pẹ̀lú àwọn ará Kòríà, ti kú bí eṣinṣin ní 1951 wà nítòsí ibí. Òkè Ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n pe ọ̀kan, wọ́n pe èkejì ní Òkè Ìrora Ọkàn. Gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ ìpàdé ìdáwọ́ ogun dúró ti bẹ̀rẹ̀ o. Wọ́n ń jìjà orí òkè kan, òkè kan, fún ọdún méjì sí i, títí di 27 Oṣù Keje 1953.

Àmì kan lójú ọ̀nà sọ pé kìlómítà 32 ló kù sí òkè Geumgang. Géètì irin wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n di irin mú lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n wo ọ̀nà tó ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà eruku lásán, ewé gbígbẹ lórí rẹ̀. Wọ́n ní, "Láti Èfọ̀n dé Iléṣà ò kúkú jù báyìí lọ."

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kọkànlá, ọjà Yanggu

Ọjọ́ ọjà ni. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná an, ní 5, 10, 15, títí lọ. Bí àwa bá fẹ́ kà á nílànà tiwa, tá a ka ọjọ́ tòní mọ́ ọn, ọjà ẹ̀fà là bá pè é. Ata pupa nínú àpò, ẹja gbígbẹ, bàtà rọ́bà, ìyá kan tó ní ẹ̀wà oríṣi mẹ́fà ní abọ́ mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n lọ sídìí onísiraegi, wọ́n ná an, obìnrin náà ò dín kọ́bọ̀. Wọ́n sanwó. Bí ó ṣe ń di ọ̀rá ni ó tún mú ẹ̀kúnwọ́ kan, ó jù ú sí i, ó ní "deom". Mo fẹ́ túmọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kò sídìí, èènì ni, àwọn mọ èènì.

Nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rá náà ń rùn. Sójà kan tó ń lọ fún ìsinmi jókòó síwájú wa, ó yíjú, ó wò ó, ó bi wá níbo la ti ń bọ̀. A ní Yanggu. Ó ní rárá, ìyẹn fún fàájì? Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó wá wò wá.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kọkànlá, Incheon

Ẹ̀gbọ́n pè mí wá jẹ siraegi. Wọ́n ra irú ní Itaewon, wọ́n fi ẹran, pọ̀nmọ́ àti epo pupa sí i, ilé ń ta sánsán láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo bù ú sẹ́nu, mo jẹ ẹ́ lọ, mo jẹ ẹ́ bọ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rẹ ẹ́ mọ́jú. Wọ́n ní wákàtí méjì. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n bó o.

"Bó kí ni?" ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì ń fa okùn ewé kan yọ láàárín eyín.